Kì í Ṣe Dígí Ni Wọ́n Fẹ́ Fi Sí Yín Lójú

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ọmọ yín Mùínátù ló wà lórí ìkúnlẹ̀ yìí, ní òkè òkun níbi tí kò ti sí ẹni tó rí i pé ó kúnlẹ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ara le dáadáa? Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ sì kú àmúmọ́ra, torí mo mọ̀ pé àmúmọ́ra ni. Rùkáyà, àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sókè fún wọn, mo kí ọ. Rọra kà á, kó o sì jẹ́ kó dún ketekete. Bí Bàbá bá wúkọ́ sí ọ pé kó o fo ibì kan, má fò ó. Gbogbo ará ilé wa ní Ìlobù, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n Bàbá, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá, ẹ ní kí n má pe yín mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ojú. Mo gbọ́, mi ò sì pè. Láti ìgbà náà, bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ iṣu, ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ Ìyá tó ń wọ oko olóko nìkan ni à ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ pé kí n má kọ̀wé. Ẹ máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ Ìyá ni mo ti mú orí kunkun. Ìyá ní irọ́ ni, pé ọ̀dọ̀ yín gan-an ni mo ti mú un. Ọ̀dọ̀ yòówù kí n ti mú un, òun ni mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Mo tún wá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta kí gbogbo èèyàn lè kà á. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò dárúkọ yín, mi ò sì dárúkọ àdúgbò wa. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé kì í ṣe bàbá tèmi nìkan ló ń fi ọwọ́ wá ògiri lọ sí balùwẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tó sì ń sọ pé oòrùn ló mú òun lójú. Irú wọn wà ní Ìlobù, wọ́n wà ní Ìfọ́n, wọ́n wà ní Ẹ̀rìn. Ọmọ wọn sì wà níbì kan bí èmi, tó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ tí wọ́n á fi gbà. Bí ẹnì kan bá rí ọ̀rọ̀ mú nínú tèmi, kó mú un.

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín kò ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù yìí ni dókítà ojú ní Òṣogbo tún dá fún yín láti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ ti yẹ ọjọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kínní, ẹ ní òjò ń rọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní ẹ̀ ń lọ kí aláìsàn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni aláìsàn. Dókítà sọ fún Rùkáyà pé ojú ọ̀tún yín ti bò tán, ti òsì náà ti ń tẹ̀ lé e, àti pé bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni iṣẹ́ náà á ṣe máa le sí i. Mo fẹ́ kí ẹ lọ, Bàbá. Gbogbo ìyókù ohun tí mo kọ síbí, ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹ lọ ni.

Ẹ rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kánádà, tí mo sọ fún yín pé inú ilé dígí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá bi mí bóyá iṣẹ́ onídìrí ni mo gbà, torí ibi tí dígí bá ti pọ̀, ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni. Ẹ̀yin ní tiyín ní ẹ rò pé ṣe ni mò ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ tí mò ń wo ojú ara mi, tí àwọn òyìnbó sì ń sanwó fún mi. A rẹ́rìn-ín títí owó fóònù fi tán. Kì í ṣe dígí ìwojú, Bàbá. Òrùlé ilé náà dígí ni, ògiri rẹ̀ dígí ni, ó sì gùn débi pé bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé wa, ìdí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀nà Ẹ̀rìn. Tòmátì ló kún inú rẹ̀. Wọn kì í rá lórí ilẹ̀ bíi tiwa. Okùn ni wọ́n fi so wọ́n mọ́ òkè, wọ́n sì ga jù mí lọ, àfi kí n gun ohun kan bí àkàbà tó ní táyà kí n tó lè já wọn. Láàárọ̀ tí mo bá wọlé, tí kò sí ẹni tí mo lè fi èdè wa kí, àwọn tòmátì náà ni mo máa ń kí. Màá ní ẹ kú ìdúró o. Obìnrin ará Jàmáíkà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé àdúrà ni mò ń gbà, ó sì máa ń bá mi ṣe àmín.

Òtútù ibí, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ ọ́. Ọyẹ́ tiwa eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí yìnyín bo òrùlé ilé dígí náà, ẹnu yà mí. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n inú ilé ṣú bí ìgbà tí òjò ńlá bá fẹ́ rọ̀. Yìnyín kò sì dúdú, ó funfun báláú ni. Mo bi ọ̀gá wa pé kí ló dé tí ohun tó funfun tó báyìí á fi mú òkùnkùn wá. Ó ní ohun tó bá funfun kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá tààrà. Ó ń lé púpọ̀ padà, èyí tó bá sì rá pálá wọlé, ó ti fọ́n ọn ká kó tó dé ìsàlẹ̀.

Nígbà ooru ńkọ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi funfun bò ó. Oòrùn á ti le jù, èso á fẹ́ jó, nítorí náà wọ́n á po omi ẹfun, wọ́n á fín in sí gbogbo òrùlé. Bí ẹ bá wà nínú ilé náà nígbà yẹn, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀sán ni, ẹ ò sì ní kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹyẹ bá bà sórí òrùlé, òjìji rẹ̀ lẹ máa rí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹyẹlé ni tàbí àwòdì. Ọjọ́ tí mo rí òjìji ẹyẹ yẹn ni mo tó lóye ohun tí ẹ ń sọ nígbà tí ẹ bá fi ìbínú sọ pé ẹ̀ ń ríran. Ẹ ò purọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé sí yín lójú lóòótọ́. Ojú èèyàn ni kò wọlé mọ́. Mo jókòó sórí àkàbà mi, mo sunkún díẹ̀, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀gá tó dé.

Rùkáyà, gbé lẹ́tà sílẹ̀ ná. Lọ mú píọ̀wọ́tà kan wá, kó o mú ìwé tí wọ́n fi pọ́n àkàrà àárọ̀ yìí, kó o sì bu omi sínú ife onídígí kan, kó o fi ṣíbí ògì kan pò ó. Ìyá, ẹ̀yin ni kí ẹ wò ó, kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ bá rí fún Bàbá. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi iyọ̀ sí i. Kí Rùkáyà gbé omi inú ọ̀rá sókè sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá, ṣé ẹ rí ewúrẹ́ yín? Ó lè wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ewúrẹ́ ni. Kí ó wá gbé ìwé àkàrà sókè. Ibi tí òróró kò kàn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ibi tí òróró kàn ti mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ yọ, síbẹ̀ ẹ ò rí ewúrẹ́. Kí ó wá gbé ife ògì sókè. Ife yẹn mọ́, omi yẹn mọ́ tẹ́lẹ̀, ṣíbí kan péré ló bà á jẹ́. Ní ìparí, kí ó ti ilẹ̀kùn pákó. Ìyá, kí lẹ rí?

Bàbá, ojú yín kò tíì di pákó. Ohun tí dókítà wò nìyẹn lọ́jọ́ tí ó ní kí ẹ wo iwájú, tí ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí yín láti ọ̀tún, láti òsì, láti òkè, tí ó ń bi yín pé ibo ni iná ti ń wá. Ẹ bínú pé ó ń fi yín ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ gba gbogbo rẹ̀ láìṣì ọ̀kan. Ìdí tí ó fi ní iṣẹ́ abẹ lè ṣe yín láǹfààní nìyẹn. Lẹ́yìn funfun yẹn, ojú yín ṣì ń dúró de ìmọ́lẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ náà fún yín lórí fóònù, mo ní wọ́n á yọ èyí tó ti bàjẹ́ nínú ojú yín, wọ́n á sì fi dígí tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá bi mí bóyá dígí ni mo wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, dígí kékeré kan báyìí. Ẹ ní ẹ ti gbọ́, ẹ ṣàdúrà fún mi, ẹ pa fóònù. Inú mi dùn, mo rò pé ẹ ti gbà. Rùkáyà ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn fún mi. Ó ní ẹ la àtẹ́lẹwọ́ yín sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀, ẹ ń fi ìka wá àpá tó wà níbẹ̀, àpá ọdún tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbá fèrèsé pálọ̀ dé tí dígí rẹ̀ fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ní èyí tó ṣe ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yín fẹ́ kí wọ́n fi sí yín lójú. Ẹ ní bí ẹ bá wá ń forí kanlẹ̀ nínú ìrun, tí ó fọ́ sínú ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n yín tó wà níbẹ̀ tún wá dá kún un pé dígí ìwojú ni, pé ẹ ó máa rí ara yín nínú ara yín títí lọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Rùkáyà ní ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ ṣeun tí ẹ ò bú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún èmi náà pé òun fẹ́ fi dígí fèrèsé sí mi lójú, màá sá wọ igbó ni. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n lò ni awò. Awò ni à ń pe èyí tí Àlùfáà àdúgbò wa máa ń gbé sórí imú. Tiyín náà awò ni, àfi pé inú ni wọ́n ń fi í sí dípò ìta. Mo pe nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà fúnra mi, mo bi í lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ike ni wọ́n fi ṣe é, ó mọ́ gaara, kò fẹ̀ tó èékánná ìka ọwọ́ yín tó kéré jù, kì í sì í fọ́ sínú ojú èèyàn. Mo bi í nípa ìforíkanlẹ̀. Ó ní òun náà Mùsùlùmí ni. Ó ní fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, orí àga ni kí ẹ ti máa kírun, kí ojú abẹ lè jinná, pé àwọn àlùfáà gbà bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Lẹ́yìn náà, tí dókítà bá ti yọ̀ǹda, kí ẹ forí kanlẹ̀ bó ṣe wù yín. Mo bi í bóyá ó dá a lójú pé ẹ máa ríran. Kò parọ́ fún mi. Ó ní kì í ṣe gbogbo ojú ló ń là bákan náà, ṣùgbọ́n irú tiyín yìí, ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹ̀rín jáde níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ oògùn. Èyí tí ẹ rà nínú mọ́tò tó ń bọ̀ láti Òṣogbo, tí ọkùnrin yẹn dìde dúró lẹ́yìn dírẹ́bà tó ń polówó rẹ̀ pé ó ń fọ funfun ojú kúrò, ẹ má gbàgbé pé èmi ni mo fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹfun orí òrùlé wa ló tàn mí jẹ. Nígbà tí ooru bá kásẹ̀ ńlẹ̀, wọ́n á po oògùn kan, wọ́n á fín in sí òrùlé, òjò kan á wá fọ ẹfun náà lọ pátápátá. Mo ní bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti ojú. Ẹ kán an títí ìgò mẹ́ta fi tán, ojú ń pọ́n, omi ń jáde lójú, kò sí ohun tó fọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni mo rí òye ọ̀rọ̀ náà, nínú fìráípáànù. Mo fọ́ ẹyin sínú òróró gbígbóná. Nígbà tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, omi tó yí pupa rẹ̀ ká mọ́ gaara, mò ń rí ìdí páànù láti inú rẹ̀. Kí n tó na ọwọ́ mú iyọ̀, ó ti funfun, mi ò sì rí ìdí páànù mọ́. Mo dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀ títí ẹyin fi jó. Bàbá, kí ni à ń pe nǹkan yìí nílé wa? Ṣebí ẹyinjú ni. Ẹyin ojú! Láti ọjọ́ tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ kiri lọ́dọ̀ òyìnbó, tí mò ń sọ dígí, àwọn baba wa ti sọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Nǹkan kékeré kan wà nínú ẹyinjú èèyàn tó mọ́ gaara bí ẹyin tútù, òun ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Tiyín mọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Ọjọ́ orí ló sè é díẹ̀díẹ̀, oòrùn oko náà sì bá a dáná sí i, títí ó fi funfun.

Ẹ ti sin adìyẹ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹ mọ̀ nípa ẹyin jù mí lọ. Ṣé ẹ ti rí ewé kan tàbí àgbo kan rí tó sọ ẹyin sísè di tútù padà? Kò sí. Ẹ lè fi omi òkun fọ̀ ọ́. Èyí tó bá ti jinná, àfi kí wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì fi ohun tó mọ́ sí àyè rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà kò ju ìyẹn lọ. Rùkáyà, bí ìgò kan bá ṣẹ́kù lábẹ́ ìrọ̀rí Bàbá, mú un kúrò lónìí.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ìwọ̀nba èyí tí ẹ ń rí ti tó àgbàlagbà. Kò tó yín, Bàbá. Rùkáyà sọ ohun kan fún mi, ó sì mú mi búra pé mi ò ní sọ fún yín. Mo ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti fi ṣe ìtánràn ìbúra náà, mo ti wá ń sọ ọ́ báyìí. Ó ní lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ẹ máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ẹ ṣe ń ṣe látọjọ́, ẹ ń ké Kùráánì, ẹ sì ń ṣí ojú ewé bó ṣe yẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló gbé ẹ̀kọ kọjá, tó rí i pé orí Kùráánì ló wà nísàlẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n sórí kí wọ́n tó bí èmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣí ojú ewé tí kò rí, kí ará ilé rẹ̀ má bàa mọ̀, ẹni yẹn ń ru ẹrù tó wúwo láàárọ̀ kùtù, ó sì ń dun èmi ọmọ rẹ̀ pé òun nìkan ló ń rù ú.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ owó bò ó fún mi o. Mo ti san án. Ẹ ní kí n gbà á padà, kí n fi kan páànù ilé tuntun. Ilé tí ẹ ò ní rí ni mo fẹ́ kọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí ilé dúró. Mò ń dá gbé nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, mò ń jí nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, àárò yín sì ń sọ mí débi pé mo máa ń gbọ́ ikọ́ yín nínú oorun. Mi ò sọ ọ́ kí àánú mi lè ṣe yín. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí mi ò fi ní dákẹ́. Bí ẹ bá yẹ Ọjọ́bọ̀ yìí, màá gba ọjọ́ mìíràn. Bí ẹ bá yẹ ìyẹn, màá tún gba òmíràn. Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ mọ̀ pé mi ò ṣàwàdà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì mú mi kọ lẹ́tà yìí lọ́sẹ̀ yìí dípò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá Gàníyù, ọ̀rẹ́ yín ní Ìfọ́n, tí ẹ jọ kọ́ kéwú nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé. Gbogbo Iléyá ni ẹran ẹsẹ̀ àgbò máa ń ti ilé wọn dé ilé wa, tí tiwa sì ń lọ sí tiwọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àárín Ìlobù àti Ìfọ́n gbóná, kálukú jókòó sílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbà ni, mi ò dá sí i. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan, ẹ ti ń sọ fún wa pé Bàbá Gàníyù ti di ọ̀tá, pé kò kí yín mọ́, kò béèrè yín mọ́. Mo gbọ́ pé Bàbá Gàníyù náà ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ ojú yìí, ní ibì kan náà tí ẹ fẹ́ lọ. Mo gba nọ́ńbà wọn lọ́wọ́ ọmọ wọn, mo pè wọ́n kí wọ́n bá mi bẹ̀ yín.

Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, wọ́n bi mí ní iṣẹ́ àti ara. Nígbà tí mo dárúkọ yín, ohùn wọn yí padà. Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀yin lẹ rán mi. Mo ní rárá. Wọ́n wá ní nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn rí yín ní gáréèjì Òṣogbo, níbi tí ẹ ti ń wọ mọ́tò Ìlobù. Àwọn wà ní òdìkejì títì. Ariwo mọ́tò pọ̀, igbe kò lè dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí náà àwọn ṣí fìlà, àwọn tẹ̀ ba, àwọn na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní ẹ wo àwọn lójú kòrókòró, ẹ yíjú, ẹ wọ mọ́tò. Wọ́n tún rí yín lẹ́yìn ààwẹ̀, ní ibẹ̀ kan náà. Wọ́n tún ṣí fìlà. Ẹ tún wò wọ́n, ẹ tún yíjú. Wọ́n ní ẹni tí àwọn bá jọ jẹun inú abọ́ kan, kí ó kọ ìkíni àwọn lójú ọjà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ilẹ̀, ó dùn àwọn dé eegun.

Mo ní Bàbá Gàníyù, bàbá mi kò rí yín ni.

Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti já. Mo wá gbọ́ tí wọ́n ń pe ìyàwó wọn, tí wọ́n ń sọ fún un pé ọkùnrin náà kò rí òun o, pé kò rí òun rárá ni. Wọ́n ń sọ ọ́ léraléra, ẹkún sì wà nínú ohùn wọn. Wọ́n padà sí mi, wọ́n ní kí ló dé tí ẹ ò sọ. Mo ní àwọn tó ń bá yín gbé ilé kan náà gan-an, ẹ ò sọ fún wọn. Bàbá, ẹ̀yin ń sọ nílé pé Bàbá Gàníyù kò kí yín mọ́, àwọn náà ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé ẹ ò dá àwọn lóhùn. Ẹ̀yin méjèèjì sì di ẹ̀bi ru ilẹ̀. Ilẹ̀ kọ́ ló wà láàárín yín ní gáréèjì yẹn. Ohun tó funfun nínú ẹyinjú yín ni.

Wọ́n ní kí n jíṣẹ́ kan fún yín, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní wá sílé wá bẹ̀ yín, àwọn ò sì ní tẹ̀ lé yín lọ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ ṣí ohun tí wọ́n fi bo ojú yín, àwọn á ti dúró síwájú yín. Àwọn ò ní sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ nawọ́ sí àwọn fún yín, ojú yín ni kó dá àwọn mọ̀. Àwọn ti kí yín lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ó kàn yín.

Kí Ọlọ́run Allah fi ọwọ́ àánú bá àwọn dókítà ṣe é. Kí ó dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kí Ìyá mi má ṣe rí ìbànújẹ́, kí ilé má dàrú lẹ́yìn mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí àwọn tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ti Ìfọ́n, mi ò ní kí ẹ bá mi kí wọn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀.

Èmi ni Mùínátù, ọmọ yín.